Ọjọ́ mẹ́jọ ní ilẹ̀ Benin: ìwé, owó, ọ̀nà, àti ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ dé

Àjòlápẹ́
Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Àwa mẹ́rin là ń gbéra láti Èkó lọ sí Benin. Kì í ṣe Bìní ti Ẹdó o, Benin tó bá wa pààlà ni. Ọkọ̀ èrò la máa wọ̀, ọjọ́ mẹ́jọ la ní, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ Faransé nínú wa. A ò bá ti ọjà lọ. Ìlú náà gan-an la fẹ́ rí, láti etí òkun dé ibi tí ọjọ́ bá gbé wa dé. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ni ká mú, báwo la ṣe ń ṣe owó, ọ̀nà wo ló yá, kí sì ni ká fò? Ẹ má kàn sọ fún wa pé ibẹ̀ dùn.

ÌwéÌrìnnà
Ẹ kú ìmúra o. Ìwé ló ṣáájú. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kì í gba físà kó tó wọ Benin. Àdéhùn ọdún 1979 ti fún wa ní 90 ọjọ́. Àmọ́ ẹni tí kò nílò físà ṣì nílò ìwé. Páspọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá ni kí ẹ mú. Àwọn kan ń fi káàdì ìdìbò kọjá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú àánú òṣìṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń wò, òfin kọ́.

Ibi òǹtẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ ní bọ́dà, ọlọ́kadà á sáré wá pé òun á gbé yín gba ẹ̀yìn, pé kò ní pẹ́. Kò ní pẹ́ lóòótọ́. Ìgbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé ni yóò tó pẹ́. Ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ ìwọlé kò lè fi hàn pé òun kò tíì lò kọjá 90 ọjọ́, iye tí òṣìṣẹ́ bá sì bù fún un ló máa san. Òǹtẹ̀ méjì ni: ti ìjáde ní Nàìjíríà, ti ìwọlé ní Benin. Ní bọ́dà Sèmè, láti October 2018 ni wọ́n ti ṣí ọgbà kan tí òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ ń lò, kò jìnnà síra rárá. Kí ẹ tó kúrò lójú fèrèsé, ẹ ka ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ náà, kí ẹ sì rí i pé ó hàn ketekete.

Lẹ́yìn náà, káàdì yẹ́lò, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ọjọ́ 10 gbọ́dọ̀ ti pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí ẹ tó wọlé, torí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìn-àjò. Láti 2016, abẹ́rẹ́ kan ti tó fún gbogbo ayé ẹni, kódà bí káàdì àtijọ́ bá kọ ọdún mẹ́wàá sára. Kí orúkọ tó wà lórí káàdì bá ti páspọ́ọ̀tù mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹni tó bá dé bọ́dà láìní i, yálà kó san owó ẹ̀yìn tàbí kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ níbẹ̀. Èwo ló dáa nínú méjèèjì?

Awakọ̀Àríwá
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ìwé tán. Ti ọ̀nà ló kù, mi ò sì ní fara mọ́ Sèmè fún ẹni tí kò bá ti ọjà lọ. Láti Badagry dé Sèmè, ibi ìyẹ̀wò lé ibi ìyẹ̀wò ni: kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n, ọlọ́pàá. Ẹ gba bọ́dà Ìdí-Ìrókò. Tí ẹ bá ti kọjá, Ìgólò ni ẹ bọ́ sí, ọ̀nà náà sì gbé yín lọ tààrà sí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Yorùbá lẹ máa sọ láti bọ́dà dé inú gáréèjì. Ìyẹn ni pé ọjọ́ kìíní yín kò ní bá yín lójijì.

TúláàKútọnu
Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, mo gbọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi kún un. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Kútọnu pọ̀ ní Sèmè ju Ìgólò lọ fíìfíì, ẹni tó bá sì dé Ìgólò lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lè dúró pẹ́ kí ọkọ̀ tó kún. Bí Àjàṣẹ́ bá ni ibùdó àkọ́kọ́, Ìdí-Ìrókò dáa. Bí Kútọnu bá ni, Sèmè ni. Ẹni tó bá gba Sèmè náà lè yà sí Àjàṣẹ́ ní Sèmè-Kpodji.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ bi àwọn awakọ̀ gáréèjì bóyá bọ́dà ṣí. Nàìjíríà ti bọ́dà ilẹ̀ láti August 2019 títí di December 2020, bí ọ̀rọ̀ ìdìbò tàbí ètò ààbò bá sì dé, wọ́n lè tì í fún ọjọ́ kan méjì láìfi bẹ́ẹ̀ kéde.

Ṣéńjì_Kékeré
Owó. Sẹ́fà ni wọ́n ń ná, wọ́n sì so ó mọ́ yúrò: yúrò 1 jẹ́ sẹ́fà 655.957, kì í yí padà. Náírà ló ń lọ sókè sódò, nítorí náà ẹ wo iye yúrò sí náírà láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa lọ, ẹ ó mọ ibi tí sẹ́fà yẹ kó wà kí ẹni tó ń ṣẹ́ owó ní bọ́dà tó sọ tirẹ̀.

Ní bọ́dà, ìwọ̀nba tí yóò gbé yín dé ìlú tí yóò sì bọ́ yín di ọjọ́ kejì ni kí ẹ ṣẹ́. Ẹ fi fóònù yín ṣírò, ẹ má lo ẹ̀rọ ìṣirò tirẹ̀. Ẹ gba sẹ́fà kí ẹ kà á tán kí ẹ tó na náírà síta. Bó bá ní kí ẹ dá a padà kí òun fi ẹyọ kan kún un, ẹ tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá padà sọ́wọ́ yín. Ibẹ̀ gan-an ni bébà ti ń dín.

Ẹ wo orúkọ báǹkì lára bébà. BCEAO ni ti Benin, Tógò, Sẹ̀nẹ̀gàl àtàwọn yòókù lápá ọ̀dọ̀ wa. BEAC ni ti Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù. Iye wọn dọ́gba sí yúrò, àmọ́ ẹ ò lè fi BEAC ra omi ní Kútọnu. Lẹ́tà kan wà nínú nọ́ńbà bébà BCEAO tó ń sọ orílẹ̀-èdè tó ti jáde, B ni ti Benin, T ni ti Tógò. Ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan, gbogbo wọn ni wọ́n ń ná. Bébà tó ya tàbí tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ni kí ẹ kọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí àwọn ẹlòmíràn á kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ yín.

Bébà 10,000 ni ìyọnu. Ọlọ́kadà tàbí ìyá alákàrà kì í ní ṣéńjì rẹ̀. Ilé epo àti súpámákẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti fọ́ ọ, kí ẹ sì máa tọ́jú ẹyọ 100, 200 àti 500 sí àpò ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ Faransé àkọ́kọ́ tí ẹ máa nílò lẹ́yìn "bonjour" ni "monnaie", ṣéńjì nìyẹn.

Àjòlápẹ́
Ẹ ṣeun púpọ̀. Fóònù ńkọ́? Ṣé iná wọn bá ṣájà wa mu?

TúláàKútọnu
MTN, Moov àti Celtiis ni ilé iṣẹ́ fóònù mẹ́ta tó wà níbẹ̀. Ẹ mú páspọ́ọ̀tù lọ fún ìforúkọsílẹ̀ síìmù. MTN ti Nàìjíríà kì í ṣe síìmù kan náà pẹ̀lú tibẹ̀, ẹ má tàn ara yín. Ohun tó ń da àlejò láàmú ni pé láti 30 November 2024, nọ́ńbà wọn ti di ẹyọ mẹ́wàá: wọ́n fi 01 síwájú ẹyọ mẹ́jọ ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà òtẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ lórí pátákó tàbí nínú ìwé àtijọ́, ẹ pè é báyìí: +229 01, kí ẹ wá fi mẹ́jọ náà tẹ̀ lé e.

Iná 220 ni, bíi tiwa, àmọ́ ihò rẹ̀ roboto, méjì ni. Púlọ́ọ̀gì onígun mẹ́ta tiwa kò wọ̀ ọ́. Ẹ ra àdápítọ̀ méjì láti Èkó. Aago wọn àti tiwa dọ́gba. Bí ẹ bá kọjá sí Tógò ni ẹ máa dá a padà ní wákàtí kan.

ỌmọKétu
Mo fẹ́ dá sí ti èdè, torí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà rò pé Faransé nìkan ni tàbí kí èèyàn yadi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń gòkè láti Àjàṣẹ́, Sakété, Pobè àti Kétu ń sọ Yorùbá. Bí ẹ bá gba àárín, Ìdáàṣà tí wọ́n kọ ní Dassa-Zoumé, Sábẹ̀ẹ́ tí wọ́n kọ ní Savè, Bantè, títí dé ìgbèríko Tchaourou, ẹ̀ka èdè wa ni. Ní ọjà Parakou náà, ẹ ò ní ṣàìrí ẹni tó gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàrìbá àti Dendi ló pọ̀ níbẹ̀. Ní Kútọnu, Ouidah àti Abomey, Fọ̀n ni, Yorùbá ọjà nìkan lẹ máa bá pàdé. Bí Fọ̀n bá pè yín ní Ànàgó, Yorùbá ló ń pè yín, èébú kọ́.

Yorùbá ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti rédíò. Ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì là á láàárín. Faransé ni wọ́n ń yá lò, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ní "ẹ jọ̀ọ́, change mi dà" kò ní rí ìdáhùn. Kí ẹ sì kí wọn dáadáa kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹni tó bá já lu ìbéèrè láìkí ọlọ́jà, owó òyìnbó ni wọ́n máa pè fún un.

Ní Kétu, ẹ béèrè Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè odi ìlú àtijọ́ tó ṣì dúró. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, ìjọba àtijọ́ tó fi Abomey ṣe olú ìlú, fọ́ ìlú náà ní 1886, wọ́n tún un tẹ̀ dó lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, èyí tí UNESCO kà mọ́ àjogúnbá ayé ní 2001 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ fún àlejò. Bí àsìkò bá bọ́ sí i, ẹ ó rí i, bí kò bá bọ́ sí i, ẹ má san owó fún ẹni tó ní òun á gbé e jáde fún yín.

Awakọ̀Àríwá
Ó ṣeun, ọmọ Kétu. Ẹ jẹ́ ká wá to ọjọ́ mẹ́jọ náà. Láti Kútọnu, Àjàṣẹ́ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 30, Ouidah 40, Ìdáàṣà bíi 200, Sábẹ̀ẹ́ bíi 255, Parakou lé ní 400, Natitingou lé ní 500, Malanville lẹ́bàá odò Ọya lé ní 700. Ilẹ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìsàlẹ̀, ó sì gùn lọ sókè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn fi ọjọ́ mẹ́jọ lé Natitingou, kó wá lo mẹ́rin nínú rẹ̀ lórí ìjókòó ọkọ̀.

Ìmọ̀ràn mi: òru méjì ní Àjàṣẹ́, ọ̀kan ní Kétu, ọ̀kan ní Ouidah, ọ̀kan ní Abomey, méjì láàárín Ìdáàṣà àti Sábẹ̀ẹ́, kí ẹ wá padà. Kútọnu, ẹ gbà á kọjá, ẹ fún un ní ọ̀sán kan.

Takisí ìlú sí ìlú níbẹ̀ máa ń kó èèyàn méjì sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ mẹ́rin, ẹ lè san àyè mẹ́fà kí ẹ gba gbogbo ọkọ̀. Kò pọ̀ ju ohun tí ẹ lè pín láàárín ara yín, kò sì ní dúró de èrò. Ẹ dá owó ẹrù kí ẹ tó di ẹrù sí búùtù. Bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ sókè máa ń gbéra ní kùtùkùtù, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ má rìnrìn òru ní ọ̀nà àárín yẹn. Tírélà tó ń gbé ẹrù láti èbúté lọ sókè pọ̀, àwọn tó bà jẹ́ sì máa ń dúró sójú títì láìní iná, ẹ̀ka igi nìkan ni wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀.

Túndé_R
Àwa tí a fẹ́ wa mọ́tò tiwa ńkọ́?

ÌwéÌrìnnà
Ìwé ọkọ̀, láísẹ́ǹsì, inṣọ́ránsì ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card, àti ìwé ìyọ̀ǹda ìwọlé ọkọ̀, laissez-passer, tí ẹ máa gbà ní bọ́dà tó sì ní iye ọjọ́. Bí ọkọ̀ kò bá jẹ́ lórúkọ awakọ̀, lẹ́tà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ olówó rẹ̀. Ẹ má ra epo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo. Fàyàwọ́ ni, ìdọ̀tí inú rẹ̀ sì máa ń dí fíìtà epo.

ÌyáÀbẹ̀kẹ́_Àjàṣẹ́
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi Àjàṣẹ́ ṣe ibi àtisùn lásán. Ilé mọ́sálásí ńlá àárín ìlú, bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bràsíl ló rí, torí àwọn Àgùdà tó padà dé ló mú irú iṣẹ́ ọnà yẹn bọ̀. Ààfin ọba Toffa, Honmè, wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ àgbẹ̀, kó lọ wo Songhaï, tí Fádà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 1985; oúnjẹ ibẹ̀ mọ́, wọ́n sì ní yàrá ìgbàlejò. Ọjà Adjarra kì í ṣe ojoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni. Ìlù àti ìkòkò ni ẹ máa bá níbẹ̀.

Ẹ tún fetí sí èyí, pàápàá obìnrin inú yín. Ní Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú bíi Sakété, bí Orò bá ń jáde, obìnrin kì í yọjú síta. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Onílé ìtura tàbí ẹni tó ń ta ońjẹ ní ìta ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ béèrè ní ọjọ́ tí ẹ bá dé. Zangbeto, tó dà bí àkójọ koríko tó ń yí, ọdẹ òru ni. Ọ̀sán rẹ̀ ni kí ẹ wò.

TúláàKútọnu
Ìyá wa, ẹ kú ọgbọ́n. Mo fi èyí kún un: ẹni tó bá wà ní Àjàṣẹ́ lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Aguégués, abúlé orí omi lórí odò Ouémé. Ganvié ló lókìkí, lórí adágún Nokoué, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń gbéra ní Abomey-Calavi, ṣùgbọ́n ó ti di ibi òwò àlejò. Bí ẹ bá yan Ganvié, aago méje àárọ̀ ni kí ẹ dé etí omi, kí oòrùn àti ìjì tó dé. Ẹ dá iye owó gbogbo kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀: àlọ, àbọ̀, afinimọ̀nà, àti wákàtí tí ẹ máa lò. Ẹni tí kò dá owó àbọ̀, àárín omi ni wọ́n ti máa dá a fún un. Ẹ má ya fọ́tò àwọn obìnrin tó ń tajà nínú ọkọ̀ láìtọrọ. Wọ́n máa ń fi fìlà bojú, inú wọn kì í dùn sí i.

Ní Ouidah, Ọ̀nà Àwọn Ẹrú tó kìlómítà mẹ́rin láti àárín ìlú dé òkun, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ibòji. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín lọ láàárọ̀, kí ẹ wọ zémidjan padà, ọ̀kadà wọn nìyẹn. Ẹnubodè Àìpadàbọ̀ tó wà létí òkun, 1995 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun yẹn. Omi náà ń fà lábẹ́ ju bí ojú rẹ̀ ti rí lọ, láti Kútọnu títí dé Grand-Popo. Ilé òòṣà Dàngbé, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú erè, ìyẹn òjòlá, kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì kátólíìkì ńlá. Erè inú rẹ̀ kò ní oró. Bí ìrìn yín bá bọ́ sí àyíká 10 January, àsìkò ọdún Vodun, ẹ gba yàrá ní oṣù méjì ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Kútọnu lẹ máa sùn.

ỌmọKétu
Abomey: ọkọ̀ púpọ̀ máa ń dúró ní Bohicon, kìlómítà bíi mẹ́sàn-án sí ibẹ̀, ẹ wọ zém lọ. Ààfin àwọn ọba wà lórí àkójọ UNESCO láti 1985. Fún Yorùbá, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìran lásán. Ọba Ghezo ti Dàhòmì ló gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851, Glele ọmọ rẹ̀ tún padà lọ ní 1864, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Abẹ́òkúta sì ṣẹ́gun wọn. Glele yìí kan náà ló jọba nígbà tí Kétu fọ́. Ẹ wo àwòrán ara ògiri, ẹ ó rí ọ̀tá tí wọ́n ń bẹ́ lórí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ afinimọ̀nà ta ni ọ̀tá náà, kí ẹ wá gbọ́ bó ṣe máa dáhùn. Àwọn ohun ọba 26 tí Faransé dá padà ní November 2021 ti wà ní Benin, àmọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun àti àtúnṣe ń lọ ní Abomey àti Ouidah, nítorí náà ẹ pe ibẹ̀ ṣáájú kí ẹ mọ apá tó ṣí.

Àjòlápẹ́
Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, ọ̀kan nínú wa ṣì ń pariwo Pendjari, ó fẹ́ rí kìnnìún.

Awakọ̀Àríwá
Ẹ sọ fún un pé rárá. Ní May 2019, wọ́n jí àlejò Faransé méjì gbé nínú ọgbà Pendjari, wọ́n sì pa afinimọ̀nà wọn. Láti ìparí 2021, àwọn agbésùnmọ̀mí ń kọlu apá òkè, Alibori àti Atakora, ọ̀pọ̀ sójà ló sì kú ní January àti April 2025. Bọ́dà Niger ní Malanville náà ti dàrú láti ìgbà ìfipágbàjọba July 2023. Natitingou fúnra rẹ̀ àti àwọn ilé tata onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ rẹwà, kò sí iyèméjì, àmọ́ ẹ wo ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn kí ẹ tó ronú rẹ̀, ẹ má sì kọjá rẹ̀ sókè.

Òkúta ńlá Sábẹ̀ẹ́ lè tán òùngbẹ ẹni tó fẹ́ gun òkè. Ẹ mú ọmọ ìlú kan dání, kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè èyí tí wọ́n ń bọ nínú wọn; gbogbo òkúta kọ́ ni àlejò ń gun. Ìdáàṣà náà, òkè ló yí i ká. Ní August, àwọn kátólíìkì máa ń ya lọ sí ihò Màríà tó wà níbẹ̀, yàrá kì í sí.

ÌyáÀbẹ̀kẹ́_Àjàṣẹ́
Kò tíì sẹ́ni tó sọ ti oúnjẹ. Àkàsà ni ẹ̀kọ tútù wọn, ẹja díndín àti ata ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àmíwò ni ọkà pupa tí wọ́n fi tòmátì àti omi adìyẹ rò. Wàgásí ni wàrà Fúlàní, wọ́n máa ń dín in. Láti Ìdáàṣà lọ sókè, iyán ni, ó sì dáa. Sodabi, ògógóró ọ̀pẹ ni. Ẹ ṣọ́ra fún un lábẹ́ oòrùn. Ní gúúsù, òjò pọ̀ láti April sí July, ó tún padà ní September àti October. December sí February ni ọ̀nà gbẹ jù. Ẹ mú àwọ̀n ẹ̀fọn àti oògùn ibà.

Àjòlápẹ́
Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. A ti pinnu: Ìdí-Ìrókò, kò sí Pendjari. Ìbéèrè tó kẹ́yìn, kí la lè rà bọ̀ wálé tí kọ́sítọ́ọ̀mù kò ní gbà?

ÌwéÌrìnnà
Ìrẹsì òkèèrè kò gba bọ́dà ilẹ̀ wọ Nàìjíríà, àpò kékeré náà lè di ọ̀rọ̀. Adìyẹ dídì àti aṣọ òkìrìkà wà lára ohun tí òfin kọ̀. Aṣọ àtẹ̀dá fún ìlò ara yín, ìlù Adjarra, kúlíkúlí, wàgásí tó gbẹ, kò sí wàhálà. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ fi ẹrù ẹlòmíràn sínú báàgì yín. Sẹ́fà tó bá ṣẹ́ kù, ẹ ṣẹ́ ẹ ní ìhà Benin kí ẹ tó lọ gba òǹtẹ̀ ìjáde. Ẹyọ wẹ́wẹ́ kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín ní ìhà kejì, torí náà ẹ fi ra omi àti búrẹ́dì.